Àfojúsùn wo ló yẹ kí ẹni tó ń ta poker lálẹ́ gbé síwájú? Ó ti sú mi o

Rán-Án-Kó-Dáa, Ìjẹ̀bú Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó la fóònù mọ́lẹ̀. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Òkè-Ajé. Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí lẹ́yìn Ojúde Ọba: àwọn tó rán aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti jó tán, gbèsè wọn ló kù sí mi lọ́rùn. Ìyá kan gbé ìró àti bùbá lọ, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la ò tíì mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta poker, eré káàdì olówó, lórí fóònù tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Mi ò fi ṣiṣẹ́ o, mo kàn fi ń ti iṣẹ́ lẹ́yìn ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò tẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ace méjì, káàdì tó ga jù, wọlé fún mi. Ace méjì, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ló ń wọlé! Ará Brazil kan di 7 àti 2 mú, káàdì tí ọmọdé ò ní fọwọ́ kàn. Àfi bí 2 méjì ṣe bọ́ sáàárín káàdì tí gbogbo wa jọ ń lò lórí tábìlì, tirẹ̀ wá di 2 mẹ́ta. Ó kó owó mi lọ, ó tún fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Bí NEPA ṣe mú iná lọ nìyẹn. Ìyàwó mi ní wọ́n ṣeun.

Mo ti kọ àfojúsùn mi sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà: kí n máa rí ₦150,000 lóṣù, kí n ti dé tábìlì àwọn ọ̀gá kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé, kí n má pàdánù mọ́. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹ. Kí ni kí n yí padà? Ẹni tó bá fẹ́ wàásù, kó jọ̀ọ́ kó kọjá.

Ìyá Ìbejì Sàgámù:
Mi ò kọjá, màá wàásù. Orúkọ yòówù tí ẹ bá fún un, tẹ́tẹ́ ni. Àbúrò ọkọ mi kan ní Mákun ta ọ̀kadà rẹ̀, ó ní òun mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó máa jẹ. Ọ̀kadà yẹn náà ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ó ń sanwó fún ẹni tó rà á. Ẹ lọ gba owó ìró àti bùbá yín. Àfojúsùn nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà:
Màmá, ẹ rọra. Bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí poker. Nínú poker, ẹ̀yin èèyàn lẹ jọ ń ta á láàárín ara yín, ilé, ìyẹn àwọn tó ni tábìlì, kàn ń bu tirẹ̀ lára owó àárín tábìlì ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta ju àwọn yòókù lọ á jẹ. Chris Moneymaker, oníṣirò owó ará Tennessee, fi $86 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ló gbé e dé ìdíje àgbáyé ní Las Vegas ní 2003, $2.5 mílíọ̀nù ló kó lọ sílé. Bọ̀dá télọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ẹ wọ tábìlì ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ káàdì wà, wọn kì í fi 7 àti 2 jà.

Tíṣà Odògbólú:
Ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà, èèyàn 839 ló wọ ìdíje 2003 yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo lo dárúkọ.

Bọ̀dá télọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ èyí tí a nílò. Tábìlì eélòó lẹ ń jókòó sí? Eélòó lẹ yà sọ́tọ̀ fún un? Nínú ọwọ́ 100, ìyẹn ìgbà 100 tí wọ́n bá pín káàdì, mélòó lẹ ń fowó sí? Nínú ọwọ́ ace méjì yẹn, ẹ̀yin mélòó lẹ wọlé, ṣé ẹ gbé owó sókè àbí ẹ kàn tẹ̀ lé wọn?

Rán-Án-Kó-Dáa:
Ẹ ṣé, Tíṣà. Oníbàárà wà níwájú mi, díẹ̀díẹ̀ ni màá dáhùn. Tábìlì $2 ni, ìyẹn $2 ni mo ń gbé jókòó. Mi ò gbé owó sókè. Ta ní í gbé owó sókè pẹ̀lú ace méjì kí gbogbo wọn lè sá lọ? Mo fọgbọ́n ṣe é, mo kàn san owó kékeré, àwa márùn-ún la wọlé.

Tíṣà Odògbólú:
Márùn-ún! Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló dojú kọ ace méjì, nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100 ni ace á borí. Tí ẹni mẹ́rin bá wọlé pẹ̀lú ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ wọn, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 56 nìyẹn. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ orí àga tó ti di dandan kó fowó sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì ni ará Brazil yẹn wà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbé owó sókè, ọ̀fẹ́ ló fi wo káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí tábìlì. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Rán-Án-Kó-Dáa:
Ẹ ò rí ẹ̀rín tó fi ránṣẹ́ ni.

Aládùúrà Ìpẹru:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Baba Ìjẹ̀bú náà lẹ ń sọ? Ẹ tún 7 àti 2 yẹn pè, mo lálàá nípa nǹkan méje lánàá.

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ìjẹ̀bú Igbó:
Ayò lèmi mọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá mi, ilé 12, ọmọ ayò 48, kì í jẹ́ kí n ka iye ìgbà tí mo jẹ. Ohun tó máa ń ní kí n ṣe ni pé kí n sọ iye ọmọ tó wà nínú ilé òun kọ̀ọ̀kan láìbẹjú wò ó. Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ pé, ó gbóríyìn fún mi, kódà bó bá fi mí ṣe òpè lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó jẹ ẹ́ o. Ọjọ́ tí mo jẹ ẹ́, ó ní ojú ń dun òun.

Tíṣà Odògbólú:
Bàbá ti wí i tán. Bọ̀dá télọ̀, nínú àfojúsùn yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ọwọ́ yín ká. Ẹni tó bá dáa gan-an lórí tábìlì $2 lè máa jèrè sẹ́ńtì 20 lórí ọwọ́ 100. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ₦150,000 kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì máa rí oorun sùn. Ẹni yẹn kan náà sì lè pàdánù fún ọwọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láìṣe pé ó ta á dà rú. Torí náà, oṣù kan kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ti mọ̀ ọ́n ta.

Ohun tí ọwọ́ yín ká ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ iye ọwọ́ tí ẹ óò máa fowó sí: lórí tábìlì oníjókòó mẹ́fà, tó bá ti ju 25 lọ nínú 100, ó ti ń pọ̀ jù fún ẹni tó ṣì ń kọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ pé tí ẹ bá ti pàdánù $2 lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ óò pa fóònù, pàápàá tí inú bá ń bí yín sí ẹnì kan. Ẹ yan ọwọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín, kó má jẹ́ èyí tí ẹ pàdánù nìkan. Ẹ wo ibi tí ẹ ti yẹ kí ẹ ju káàdì sílẹ̀ tí ẹ ò jù ú. Èyí tí a jẹ láìtọ́ ló máa ń pa wá lára jù, torí a kì í bi í léèrè.

Ti owó ńkọ́? $60 ni kí ẹ ní kí ẹ tó máa jókòó sí tábìlì $2, $150 kí ẹ tó gun ti $5. Tó bá já wálẹ̀, ẹ padà sísàlẹ̀. Chris Ferguson, ọ̀ta poker kan, bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní 2006 nínú ìdíje ọ̀fẹ́, ó gbé e dé $10,000 láàárín nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Kì í fi ju ìdá 5 nínú 100 owó rẹ̀ jókòó sí tábìlì kan.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà:
Tíṣà, ṣé kì í ṣe Ferguson yìí náà ló wà lára olùdarí iléeṣẹ́ poker tí kò rí owó oníbàárà san ní 2011? Ẹni tí ẹ fi ń ṣe àwòkọ́ṣe nìyẹn?

Tíṣà Odògbólú:
Òun ni. Òfin ìdá 5 rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n mú, mi ò ní kí wọ́n gbé owó fún un tọ́jú. Ìyẹn gan-an ló sì fi yẹ kí ẹ máa yọ owó kúrò lórí ìtàkùn ayélujára tí ẹ ti ń ta á, kó má dúró síbẹ̀ bíi ti báńkì.

Ìyá Ìbejì Sàgámù:
Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ní Odògbólú? Ó dáa o.

Rán-Án-Kó-Dáa:
Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ìṣirò sí. 51 nínú ọwọ́ 100 ni wọ́n ní mo ń fowó sí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá mi lẹ́bi, kì í ṣe tèmi nìkan. Àbúrò ìyàwó mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè wà lọ́dọ̀ wa, òun náà máa ń fi orúkọ mi ta tí mo bá ti sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ilé kan náà la wà, dátà kan náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Tábìlì $5 lòun ń jókòó sí, mo ti sọ fún un pé ó ń kánjú.

Tíṣà Odògbólú:
Bọ̀dá! Láti àárọ̀! Ta wá ló ni ìṣirò tí a ń wò? Àwọn ìtàkùn wọ̀nyí kì í gba èèyàn méjì lórí orúkọ kan, tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè ti owó yín mọ́bẹ̀. Ẹ ya tábìlì $2 àti $5 sọ́tọ̀ kí ẹ padà wá.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà:
Mo mọ̀ ọ́n! Bọ̀dá télọ̀ ń jèrè, ọmọ yẹn ló ń sun owó.

Ìyá Ìbejì Sàgámù:
Ẹ lé e padà sí Àgọ́-Ìwòyè lálẹ́ òní. Ọmọ tó ń jí ta tẹ́tẹ́ lóru.

Rán-Án-Kó-Dáa:
Mo ti yà wọ́n. Tábìlì $5: 22 nínú 100, ó ń jèrè. Tábìlì $2: 63. Mo ń pàdánù. Èrè rẹ̀ ni mo ti ń ná tán, ìdí nìyẹn tí owó ibẹ̀ fi dúró sójú kan.

Ìyá Ìbejì Sàgámù:
Ṣé ọmọ náà ti ní àfẹ́sọ́nà?

Tíṣà Odògbólú:
Ọwọ́ mélòó ló ti ta?

Rán-Án-Kó-Dáa:
Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Tíṣà Odògbólú:
Ó kéré, a ò tíì lè pè é ní ọ̀ta. Èrè yẹn lè jẹ́ oríire, ṣùgbọ́n 22 yẹn, ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Kó ṣí tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Kí ẹ̀yin jókòó tì í lálẹ́ kan, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ máa bi í léèrè ìdí tó fi ń ju káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sí ipò ₦150,000.

Rán-Án-Kó-Dáa:
Kí n lọ jókòó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi? Èmi tí mo ń ra dátà?

Ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà:
Ẹ rán bùbá àti ṣòkòtò fún un, kí ẹ fi san owó ẹ̀kọ́.

Rán-Án-Kó-Dáa:
Ó ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìyàwó mi ló fi hàn án. Ó ní agbádá ni, pẹ̀lú iṣẹ́ ọrùn. A ṣì ń dúnàádúrà.