Àjọ̀dún àwọn Júù ní kíláàsì jẹ́léósinmi, kí la lè ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké?

TíṣàKékeré: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni mò ń kọ́, ọmọ Júù wà nínú wọn, àwọn tí kì í ṣe Júù náà wà, mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn jọ ṣe àjọ̀dún yìí bó ṣe ń dé, láti Rosh Hashanah títí dé Ìrékọjá. Ìtàn nìkan ò lè mú wọn jókòó, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kàn máa kun àwòrán ṣáá. Kí lẹ rò?

BàbáNọ́sìrì: Ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ wá. Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn ní September tàbí October, ápù tí wọ́n tì bọ oyin ni wọ́n ń jẹ kí ọdún lè dùn, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ kó má há wọn lọ́fun. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní shofar, ìwo àgbò tí wọ́n ń fọn yẹn, ẹ ní kó wá fọn ọ́n! Àmọ́ Sukkot, ìyẹn Àjọ̀dún Àtíbàbà, ni mo fẹ́ràn jù torí ọmọ á wọ inú ẹ̀. Ẹ fi páálí ńlá ṣe àtíbàbà, ẹ̀ka igi ni kẹ́ ẹ fi bo òkè ẹ̀, kó má dí pátápátá, nínú èyí tí wọ́n ń kọ́ síta gangan ó yẹ kéèyàn lè rí ìràwọ̀ láti inú ẹ̀, kí àwọn ọmọ wá fi pépà ṣe èso kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n jókòó jẹun níbẹ̀.

Àdùkẹ́T: Òótọ́ lẹ sọ sà. Hanukkah náà dáa, alẹ́ 8 ni àmọ́ ọ̀pá fìtílà ẹ̀ ní ẹnu 9, ìkẹsàn-án tí wọ́n ń pè ní shamash ni wọ́n fi ń tan àwọn tó kù. Kí wọ́n máa lẹ iná pépà kan mọ́ ọn lójoojúmọ́, wọ́n á ti máa kọ́ òǹkà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pè é ní Kérésì àwọn Júù o, ìtàn tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù tí wọ́n gbà padà ni, kò kan Kérésì rárá. Tó bá di Purim, ẹ jẹ́ kí wọ́n múra bí ayaba, bí ọba, kẹ́ ẹ sọ ìtàn Ẹ́sítérì fún wọn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dárúkọ Hámánì, ọ̀tá àwọn Júù nínú ìtàn náà, kí wọ́n pariwo lé e lórí.

ÌyáDáfídì: Júù ni ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Tí Ìrékọjá bá ti wọlé, ẹ kó play-dough, amọ̀ ìṣeré àwọn ọmọdé yẹn, kúrò nílẹ̀, ìyẹ̀fun wíìtì ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ilé tó bá ń pa òfin Ìrékọjá mọ́, tí wọn kì í fi ohun tó ní ìwúkàrà sílé, ò ní fẹ́ ẹ lọ́wọ́ ọmọ wọn lásìkò yẹn. Ẹ kọ́ wọn ní orin Ma Nishtana dípò ẹ̀, ọmọ tó kéré jù nídìí tábìlì ló sábà máa ń bi ìbéèrè 4 tó wà nínú orin yẹn lálẹ́ Seder, oúnjẹ alẹ́ Ìrékọjá, ẹ ò mọ bí inú ẹ̀ ṣe máa dùn tó tó bá délé tó lè kọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé oúnjẹ kankan wá, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí, torí bí ilé kan ṣe ń pa kosher, òfin oúnjẹ àwọn Júù, mọ́ kọ́ ni èkejì ń ṣe é.

TíṣàKékeré: Ẹ ṣé gan-an màmá, mi ò ronú kan play-dough yẹn rárá. Lọ́la ni màá kọ̀wé sáwọn òbí nípa oúnjẹ.