Aṣọ alápò 43: kí ni kí n ṣe kí wọ́n yéé pè é ní aṣọ ìbílẹ̀?

Àtìpó Alábẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mò ń rán, èmi náà ni mo sì ń wọ̀ ọ́ ṣeré níwájú èrò. Kì í ṣe aṣọ òde, kì í ṣe aṣọ tíátà. Aṣọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà, ara mi ló ń gbé e rìn.

Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní àpò 43. Lọ́jọ́ tí mo ṣí kúrò nílé, ọmọ wà ní ọwọ́ mi kan, ẹrù wà ní ìkejì, kò sì sí àpò kankan lára aṣọ tí mo wọ̀. Ìwé ìrìnnà mi, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí, inú kọ́mú ni gbogbo wọn wà. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní kí n mú ìwé wá. Níṣojú ọkùnrin mẹ́fà ni mo ti ki ọwọ́ bọ àyà. Ọdún kọkànlá rèé, ojú ṣì ń tì mí tí mo bá rántí, inú sì ń bí mi pé ojú ń tì mí.

Nínú eré náà, mo máa ń dúró fún 40 ìṣẹ́jú, máa máa yọ nǹkan jáde láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, máa máa tò ó sílẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ilé tí mi ò gbé mọ́, eyín tí ọmọ mi kọ́kọ́ ká, ohun tí ìyá mi máa ń fi bọ ìka bó bá ń ránṣọ, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ mí níṣẹ́. Mo parí tán, ni obìnrin kan bá sún mọ́ mi: aṣọ yìí mà rẹwà o, ṣé báyìí ni àwọn obìnrin ìlú yín ṣe ń múra? Ẹni mẹ́rin ló bi mí bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Jíǹsì àlòkù ni mo fi rán an! Mo délé, mo sunkún.

Àwọn kan ní kí n kọ àlàyé mọ́ ògiri. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣé aṣọ ni kí n tún ṣe ni, àbí eré? Ẹ tún bá mi wo ti ọrùn tó ń dùn mí: tí gbogbo àpò bá kún, kìló 9 ni.

Ìyá Télọ̀:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọrùn ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Orí èjìká lo gbé gbogbo ẹrù lé, ìbàdí ló yẹ kó rù ú. Rán bẹ́líìtì tó le sínú aṣọ náà, kí apá ìsàlẹ̀ máa fi ara rọ̀ mọ́ ọn, kí èjìká kàn di apá òkè mú lásán. Ohun tó bá wúwo, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí àpò ìsàlẹ̀. Fi síìpù kan ṣoṣo sí iwájú láti òkè dé ilẹ̀, torí bí òòyì bá kọ́ ẹ, kò sí ẹni tó máa wá bọ́tìnnì kiri.

Ní ti ìbéèrè wọn, ó dùn mí fún ẹ. Louise Bourgeois, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Faransé, náà jẹ́ àtìpó, ọdún 1938 ló kúrò ní Paris lọ sí New York. Ní ọdún 1978, ó ṣe aṣọ rọ́bà tó kún fún ohun tó rí bí ọmú, ó sì wọ̀ ọ́ fún ọkùnrin pàápàá. Ta ló máa rí irú aṣọ yẹn tó máa bèèrè bóyá bí wọ́n ṣe ń múra ní Faransé nìyẹn?

Ẹsẹ̀ Lásán:
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo rò pé eré ni. Ẹ dúró lójú kan bí ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ, ni wọ́n bá wo aṣọ. Ẹ wo Mona Hatoum, oníṣẹ́ ọnà bíi tiyín. Beirut ní Lebanon ni wọ́n bí i sí, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1975, ogun bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ọ̀nà padà. Ní 1985, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lójú títì Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi okùn bàtà so bàtà Dr. Martens, irú èyí táwọn ọlọ́pàá ń wọ̀ nígbà náà, mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wọ́ wọn tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ hàn sí ẹni tó ń kọjá lọ sọ́jà.

Ohun tí ẹ kọ nípa ẹnubodè yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí ẹ tò sílẹ̀ lọ. Kí ló dé tí kò sí nínú eré?

Ọmọ Aláró:
Tàbí kí àwọn èrò fúnra wọn máa ki ọwọ́ bọ àwọn àpò náà? Yoko Ono, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Japan, gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀ níwájú èrò ní Kyoto ní 1964, ó ní kí wọ́n wá máa gé aṣọ lára òun.

Ẹsẹ̀ Lásán:
Ó tún un ṣe ní New York ní 1965, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Ọkùnrin kan gé okùn kọ́mú rẹ̀, ni Yoko bá fi ọwọ́ bo àyà. Kí ẹ̀gbọ́n wa rò ó dáadáa.

Àtìpó Alábẹ́rẹ́:
Mo ti rò ó. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn mí. Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ Lásán kò jẹ́ kí n sùn, mo jókòó ti máṣíìnì títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo yí aṣọ náà padà, gbogbo àpò ti bọ́ sínú, ara òde wá ń dán láìní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ mú ohunkóhun, àfi kí n ki ọwọ́ bọ ọrùn aṣọ tàbí kí n wá a láti ìsàlẹ̀.

Mo dán an wò ní pálọ̀. Káàdì àjẹsára nìkan, 11 ìṣẹ́jú ni mo fi wá a. Ọmọ mi, tó ti di ọmọ ọdún 12, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, kí lẹ sọ nù?" Káàdì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Télọ̀, ẹ ṣé gan-an mà. Bẹ́líìtì inú yẹn, báwo ni kó ṣe fẹ̀ tó?

Ìyá Télọ̀:
Ìnṣì 4. Má fi rọ́bà sí i o, ó máa fà.