Ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú lórí ìwọ̀ olójèé: kí la ó máa pè wọ́n?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹnì kan láàárín wa ń kọ ìwé ìtọ́ni ní Yorùbá fún àwọn tó ń da ìwọ̀ ìpẹja fúnra wọn ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní jig: ìwọ̀ tí wọ́n da òjé mọ́ lọ́rùn kó lè rì, tí wọ́n wá fi ọ̀dà tí kò ní omi bò ní àwọ̀ méjì sí mẹ́rin. Ó fẹ́ orúkọ fún ìwọ̀ náà, fún ọ̀dà náà, fún ife tí afẹ́fẹ́ ń gba ìdí rẹ̀ wọlé, àti fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cure, ìyẹn bí ooru ṣe ń mú ọ̀dà náà le débi tí kò ní yọ́ mọ́. Àbá ti pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dùn létí, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ̀ lé wọn dé ìdí iṣẹ́, iṣẹ́ á bàjẹ́.

Àwọn kan ní ká kàn kọ ọ́ ní jíìgì, kó parí síbẹ̀. Jígí ti wà nílẹ̀: òun la fi ń wojú, òun náà làwọn àgbà ń fi sójú kàwé. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹlòmíì ní ìwọ̀ olójèé. Èyí mọ́gbọ́n wá, torí àwọn apẹja wa náà ń so òjé mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Àmọ́ kì í ṣe òjé ni gbogbo rẹ̀ mọ́. Ní Bìrìtìkó, láti 1987 ni òfin ti ka títa òjé ìpẹja tó wúwo láti 0.06 gíráàmù dé 28.35 gíráàmù léèwọ̀, nítorí ẹyẹ swan tó ń gbé e mì tó sì ń kú. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, láti 2016, ìwọ̀ olójèé tí kò ju owónsì kan lọ kò ṣeé tà, kò sì ṣeé lò nínú omi dídùn, nítorí ẹyẹ loon. Tánńganran (tin), tàbí bismuth, irin wúwo mìíràn, tí wọ́n pò mọ́ tánńganran, ni àwọn mìíràn ń dà báyìí.

Ibí yìí ni orúkọ ti di ọ̀rọ̀ owó àti ewu. Òjé kì í yọ́ títí ooru fi dé 327°C. Tánńganran ń yọ́ ní 232°C. Bismuth 58 àti tánńganran 42 nínú ọgọ́rùn-ún, 138°C péré ti tó o. Ààrò tí a ó fi yan ọ̀dà yìí sì wà ní 177°C. Ẹni tó bá ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òjé torí pé gbogbo wọn funfun, wọ́n sì wúwo, tó gbé ti bismuth sínú ààrò, nígbà tó bá máa ṣílẹ̀kùn, wáyà lásán ló máa bá, orí ìwọ̀ á ti ṣàn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà orí rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀ olórí-wúwo ni kí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ máa jẹ́. Ìwọ̀ olójèé, kí ó jẹ́ ti òjé nìkan.

Ọ̀dà ńkọ́? Ike tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú àwọ̀ ni. Ooru ló ń yọ́ ọ, ooru náà ló ń mú un le. Ẹni tó dábàá ọ̀dà ìyẹ̀fun kò ro ibi tí ọkàn Yorùbá ń lọ tó bá ti gbọ́ ìyẹ̀fun: ilé ìdáná ni. Bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni kí ilé ìdáná jìnnà sí i. Ààrò tó bá ti yan òjé kò gbọdọ̀ yan búrẹ́dì mọ́ láé, ṣíbí tó bá ti bu òjé kò gbọdọ̀ bu ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ eruku òjé tó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara ní 2010 ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jiyàn. Ọ̀dà ẹ̀tù sún mọ́ ọn díẹ̀, torí lẹ́búlẹ́bú tó bá ń fò káàkiri nínú afẹ́fẹ́ lè gbaná lójijì bí àbẹ́là bá ń jó nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ìbọn ló ń wá sọ́kàn. Ọ̀dà àtíkè pa mí lẹ́rìn-ín, n kò sì kórìíra rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé àtíkè ń lẹ̀ mọ́ awọ tútù, èyí kì í lẹ̀ mọ́ irin tútù: fọwọ́ tọ́ ọ, á gbọ̀n dànù. Ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú ni tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní pẹ́ńtì lẹ́búlẹ́bú kò ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan fẹ́ ká sọ pé a rẹ ìwọ̀ sínú ọ̀dà bí a ṣe ń rẹ aṣọ sínú aró. Mo júbà, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí a bá rẹ, a fi í sílẹ̀ kó mu ún ni. Èyí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ. Kì bọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́, bí a ṣe ń ki ọwọ́ bọ àpò: ó wọlé, ó jáde. Kó tó dé ibẹ̀, a ó ti gé èérún òjé tó yọ lẹ́bàá orí rẹ̀, a ó ti fi asetóònù, èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nu èéfín àti ọ̀rá ara mọ́ọ̀dù tí a fi dà á kúrò, a ó sì ti jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ọ̀rá tàbí omi tó bá kù lára rẹ̀ á di èéfín lábẹ́ ọ̀dà, á sì ti ihò kéékèèké jáde.

A ó wá fi ẹ̀mú di ìwọ̀ mú níbi tó ti tẹ̀, a ó gbé orí rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, a ó máa yí i, lẹ́yìn náà la ó ki orí náà bọ ife ọ̀dà. Ohun tí ọ̀dà bá ṣe nígbà tó bá jáde ni ká fi mọ̀. Bí ó bá dán láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ooru pé. Bí ó bá ṣú, tó rí bí ohun tí eruku bò, kò gbóná tó. Ẹ dá a padà síwájú ooru díẹ̀, ẹ má tún ki orí rẹ̀ bọ ọ̀dà. Bí ó bá nípọn tó sì ń ro sílẹ̀, ó gbóná jù, tàbí ó pẹ́ nínú ife. Èyí tó ń ro yẹn á dì ní kókó sí ìsàlẹ̀ orí ìwọ̀, ìwọ̀ náà á sì máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú omi. Orí ìwọ̀ oníwọ̀n 1.8 gíráàmù á ti tutù kó tó dé ife bí ife bá jìnnà. Ti 14 gíráàmù á di ooru mú títí a ó fi fi àwọ̀ kejì sí i láìtún gbé e síná. Ihò okùn, abẹ́rẹ́ la fi ń là á nígbà tí ọ̀dà ṣì rọ̀. Tó bá ti le, lílu ló kù.

Ibùsùn ṣíṣàn tí ẹnì kan túmọ̀ fluid bed sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọ inú ìwé. Ta ló fẹ́ sùn? Ife ni, tí wọ́n fi pépà asẹ́ kọfí ṣe ìdí rẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà gba ẹ̀gbẹ́ sá. Lábẹ́ pépà náà ni àyè kékeré kan wà tí ọ̀pá rọ́bà wọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi àwọn tó ń sin ẹja nílé ló ń fẹ́ ẹ. Lẹ́búlẹ́bú á wú, á fúyẹ́, ìwọ̀ á wọ inú rẹ̀ láìkọsẹ̀, ọ̀dà á sì mú un yíká bákan náà. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ọ̀dà á máa fò jáde sílé. Fáàfù kan lórí ọ̀pá ló ń dín in kù. Ife aláfẹ́fẹ́ tó fún mi.

Orí àwọ̀ púpọ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pípo àwọ̀. Kò sí pípò níbẹ̀ rárá. Bí a bá da funfun àti pupa lẹ́búlẹ́bú pọ̀, wọn kò ní di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọ̀dà olómi. Wọ́n á yọ́ ní tótòtó, funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ife kọ̀ọ̀kan fi ní ìdérí tirẹ̀, torí ẹyọ pupa díẹ̀ tó bá bọ́ sínú funfun, kò sí ọgbọ́n tí a fi lè ṣà á kúrò mọ́. Àwọ̀ lórí àwọ̀ ni iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sì lé ní ẹyọ kan.

Ẹ wo ìwọ̀ kan tó ní ìpìlẹ̀ funfun, ara ìyeyè tó fẹ́ jọ ewé, ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé dúdú, àti ọ̀fun aláwọ̀ ọsàn. Funfun la kọ́kọ́ ki orí rẹ̀ bọ̀, kó fẹ́lẹ́, torí bí àwọ̀ tó ń tàn bá jókòó lórí òjé tó ṣú, ó máa ń kú ni. Èyí tó ń tàn lókùnkùn gan-an kò ṣeé ṣe láìsí funfun lábẹ́ rẹ̀. A tún gbé e síwájú ooru díẹ̀, a wá ki orí rẹ̀ bọ ìyeyè. Nígbà tí ìyeyè ṣì ń dán tó sì rọ̀, a yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, a ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ àwọ̀ ewé, a gbé e dúró lókè rẹ̀, a sì fi ìka lu ìdí búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́búlẹ́bú á já bọ́ sórí ẹ̀yìn nìkan, á yọ́, etí rẹ̀ á sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ìyeyè. Wíwọ́n nìyẹn. Irun búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà tó gbóná, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á dì pọ̀. A yí i padà, a wọ́n ọsàn sí ọ̀fun. Ẹni tó bá fẹ́ kí ààlà àwọ̀ mú ṣáṣá kò ní wọ́n. Imú nìkan ni yóò kì bọ ife tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dá. Ẹyinjú ló kẹ́yìn, lẹ́yìn yíyan: orí ìṣó tí a kì bọ ọ̀dà olómi la fi ń tẹ̀ ẹ́. Kì bọ̀, wọ́n, tẹ̀. Ìwọ̀ tó bá gba gbogbo wọn, àdíkálà lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ó wá ku cure. Àwọn tó kọ wò sàn, ọ̀dà kò ṣàìsàn. Gbẹ kò bá a mu, kò sí omi. Jinná ni mo dìbò fún: a yan án, ó jinná. Ìwé gbọ́dọ̀ ya yíyọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára jíjinná, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ ọ ti ń ṣubú jù. Ọ̀dà tó yọ́ ti ń dán, ó ti lẹwà, ẹni tó ń wò ó á rò pé ó ti parí. Ẹ sọ ọ́ lu òkúta kan lábẹ́ omi, á ṣẹ́ kúrò lára òjé ní pẹlẹbẹ. A gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ sínú ààrò, kí ọ̀kan má kan èkejì, ní 177°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a sì máa kà á láti ìgbà tí òjé fúnra rẹ̀ ti gbóná, kì í ṣe láti ìgbà tí a tilẹ̀kùn.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fara mọ́ olórí-wúwo àti ife aláfẹ́fẹ́. Jinná ló há mi lọ́fun. Iṣu tó jinná rọ̀ ni. Ẹran tó jinná rọ̀. Ẹ wá ń lò ó fún ohun tó le. Ẹni tó bá ka "títí yóò fi jinná" lè máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti rọ̀, á sì jóná lọ́wọ́. Kí ló dé tí a kò lo le: "yan án títí yóò fi le"?

*

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn. Le kò tó, torí ọ̀dà tó kàn yọ́ tó sì tutù náà le lọ́wọ́. Ẹ fi èékánná họ ọ́, kò ní sọ fún yín pé òun kò tíì parí. Ìyàtọ̀ wọn ni pé èyí tó kàn yọ́, bí ooru bá tún kàn án, á tún yọ́. Èyí tó jinná kì í yọ́ mọ́. Ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ fi wò ó, ẹ má fi iṣu wò ó. Amọ̀ gbígbẹ le, ṣùgbọ́n bí omi bá dé, ó padà di ẹrẹ̀. Èyí tí iná ti sun tó jinná kò padà mọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì retí kó rọ̀.

Ti ìka ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ọ̀nà ìdánwò síbẹ̀ nínú ìwé. Kó jẹ́ kí ìwọ̀ náà tutù, kó fi asetóònù sórí òwú, kó fi ra á. Bí àwọ̀ bá ń bá òwú lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ń rọ̀, kò jinná. Kó dá a padà sínú ààrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ jóná tí ẹ mẹ́nu bà náà wúlò, ẹ jẹ́ kó wọ ìwé: funfun tó bá pẹ́ jù nínú ààrò, tàbí tí ooru rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú. Ara funfun la ti ń kọ́kọ́ rí i, nítorí náà ẹyọ funfun kan ni kó máa kọ́ síwájú ilẹ̀kùn ààrò níbi tí ojú ti tó o.