Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ mi ní XP: kí ni kí n ṣe kí èsì tó dé?

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Àdùkẹ́ mi pé ọdún 2 lóṣù tó kọjá. Láti kékeré ni oòrùn ò ti bá a lára mu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré níta, ojú rẹ̀ á di pupa fòò, á wú, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó rọlẹ̀. Ní báyìí, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ti kún imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wọ́n yíǹkì sí i. Lánàá, dókítà awọ ní òun fura sí xeroderma pigmentosum, ìyẹn XP, àìsàn tí kì í jẹ́ kí awọ gba oòrùn, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò jíìnì. Ó ní ó lè di jẹjẹrẹ awọ. Bó ṣe dárúkọ jẹjẹrẹ, etí mi di, n ò gbọ́ ìyókù mọ́. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nínú ẹbí èmi àti bàbá rẹ̀. Níbo ló ti wá?

Ìyá Olúfúnfè
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọkùnrin mi ti pé 11, XP ló ní. Ẹ má dúró de èsì o. Òní ni kí ẹ ti mú un kúrò nínú oòrùn.

Oòrùn ń ba DNA, ohun àjogúnbá inú awọ gbogbo wa, jẹ́, ara wa a sì tún un ṣe. Ara àwọn ọmọ XP ni kò lè tún un ṣe. 1968 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, James Cleaver, rídìí èyí. Gbogbo ohun tí oòrùn bá bàjẹ́ á máa jọ síbẹ̀ ni. Láìsí ààbò, jẹjẹrẹ sábà máa ń dé kí wọ́n tó pé ọdún 10.

Ní ti ibi tó ti wá: èmi àti bàbá ọmọ mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló gbé ẹyọ jíìnì kan tó lálèébù láìmọ̀. Ẹyọ kan kì í ṣe èèyàn ní nǹkan. Oyún kọ̀ọ̀kan, 1 nínú 4 ni pé ọmọ á gba méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi yín pé kí lẹ fi pa á lára.

Àṣìṣe tiwa ni gíláàsì. A rò pé inú ilé la wà, a ò mọ̀ pé UVA, ọ̀kan nínú ìtànṣán UV oòrùn tí ojú kò lè rí, ń gba inú gíláàsì lásán kọjá. Títí dòní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ tó máa ń kọ sí fèrèsé ọkọ̀ ni àmì pọ̀ sí jù. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí kókó kan yọ ní ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, kò ju orí ìṣó kékeré lọ. Mo ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lọ. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n gé e kúrò. (Ètè yẹn náà ló fi ń súfèé dí mi létí báyìí.)

Nọ́ọ̀sì Awọ
Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, nítorí XP máa ń mú ojú, ó sì ń dé iṣan ìmọ̀lára àwọn mìíràn. Ẹ bi dókítà nípa fítámì D, torí kò ní rí oòrùn. Ẹ̀yin òbí yòókù, kì í ṣe gbogbo ọmọ XP ni oòrùn ń jó báyìí. Àmì wẹ́wẹ́ nìkan ni àwọn kan fi ń bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Gorlin
Tèmi kì í ṣe XP, Gorlin ni, àìsàn àjogúnbá mìíràn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ, òbí kan ṣoṣo ló lè fún èèyàn. Àwa ò gbọdọ̀ gba ìtọ́jú onítànṣán bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ó ń hu jẹjẹrẹ mìíràn síni lára. Bí èsì bá sọ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí XP, ẹ béèrè ohun tí irú èyí kórìíra.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá rẹ̀. Gílóòbù ńkọ́?

Ìyá Olúfúnfè
Ẹ yọ halogen àti fluorescent, ẹ fi LED sí i. Ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn UV, kí ẹ gbé e yí ilé ká. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló máa yà yín lẹ́nu.