Abẹ́rẹ́ tó ń pa orúnkún lẹ́nu mọ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Alhaja, Tanke:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún fún màmá mi níbí ní Ìlọrin. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, eegun ti jẹ eegun débi pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún tuntun ni mo fẹ́ sọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún wọn ní itan ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, dókítà tó ń kun èèyàn lóorun wá bá wa ní wọ́ọ̀dù. Ó ní àwọn ò ní kun màmá lóorun, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló máa pa ara kú láti ìdí lọ sísàlẹ̀. Àmọ́ wákàtí díẹ̀ nìyẹn ń lò, bó bá sì ti ṣíwọ́, ojú á rí tó. Nítorí náà, wọ́n á gún òmíràn sí àárín itan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ìmọ̀lára tó ń ròyìn ìrora orúnkún fún ọpọlọ. Nerve block ni wọ́n ń pè é.

Màmá wò ó títí. "Dókítà, mo mọ ọmọdé tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí ní àdúgbò wa, tó ń fa ẹsẹ̀ títí dòní. Ṣé ẹ ò ní sọ mí di arọ?"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ojú lásán gún sí ìdí lè ba iṣan ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí òun fẹ́ ṣe, ẹ̀rọ skáànù tí wọ́n fi ń wo oyún lòun á gbé lé itan, òun á máa rí iṣan, òun á máa rí abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé. Ó ní ewu wà níbẹ̀ o, kò kàn wọ́pọ̀ ni. Màmá ní, "Ó dáa, bismillah."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń béèrè. Ní ọjọ́ kejì, oníṣẹ́ ìdárayá dé, wọ́n fi irin ìtìlẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ń ráhùn sí ni kòtò ẹ̀yìn orúnkún.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló já okùn tó so eegun pọ̀ nínú orúnkún tèmi. Wọ́n gún mi níbi tí itan ti pàdé ikùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo ní kí n gbé ẹsẹ̀, àfi bí ẹni gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, irú abẹ́rẹ́ kan náà, ní òun fẹ́ dá lọ ilé ìtọ̀, orúnkún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ìrora ò yọ mí lẹ́nu títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó di òru, iwájú itan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí yìnrìnyìnrìn, kí n tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ ti tú. Wọ́n ní oògùn ò tíì tó àkókò. Kí wọ́n tó rí dókítà tó máa fọwọ́ sí i, mo ti fi eyín gé ìrọ̀rí. Ṣé ti màmá yín náà ṣe bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìgbómìnà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá Ọ̀fà. Abẹ́rẹ́ òkè itan ń pa ìrora, ó tún ń gba agbára lọ́wọ́ ẹran iwájú itan tó ń gbé orúnkún ró. Ti àárín itan, iṣan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ìmọ̀lára ló ń bá jù, agbára ẹsẹ̀ máa ń ṣẹ́kù. Ìyẹn ló jẹ́ kí Alhaja rìn. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá dìde, irú yòówù kí wọ́n gún un. Kòtò ẹ̀yìn orúnkún ní iṣan tirẹ̀ tó gba ẹ̀yìn itan wá, abẹ́rẹ́ iwájú kì í dé ibẹ̀.

Bupivacaine, oògùn tó ń pa ara kú tí wọ́n sábà ń lò nínú abẹ́rẹ́ yìí, lè mú wákàtí 12 sí 24. Ara ò jọra. Ẹ má dúró kí ó tú tán kí ẹ tó gbé oògùn mì! Parasitamọ́ọ̀lù àti ohun tí dókítà bá kọ mọ́ ọn, kó ti wà nínú ikùn nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì kú.

Ẹ sì dákun, ẹ̀yin ẹbí. Mo ti lé èèyàn jáde ní wọ́ọ̀dù nítorí omi gbígbóná àti àdí. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan, ẹ fẹ́ fi omi gbígbóná jó o. Ó máa bó, kò ní ké.

Tí etí bá ń hó lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ẹnu ń ta bí irin, tí ètè ń kú, ẹ pariwo lójú ẹsẹ̀. Oògùn lè ti wọ ẹ̀jẹ̀, ó lè fa gìrì, ó sì lè da ọkàn láàmú. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un.

Bàbá Àjàṣẹ́:
Wọn ò gún èmi ní itan rárá. Oògùn líle ni wọ́n ń fà sí mi lára. Èébì, ara yíyún, ìgbẹ́ ò yọ. Ìrora lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi náà ò sí nílé.

Ìyá Ìbejì, Ọjà-Ọba:
Ti ọkọ mi ò mú. Wọ́n gún un, wọ́n dúró, ó ṣì ń mọ gbogbo rẹ̀ lára. Oògùn ẹnu ló padà gbà á.

Ọmọ Alhaja, Tanke:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ẹsẹ̀ òsì ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ṣé kò sí bí abẹ́rẹ́ yìí ṣe lè pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ?

Nọ́ọ̀sì Ìgbómìnà:
Ó wà. Wọ́n lè fi rọ́bà tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, kí oògùn máa kán wọlé fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ó gba amójútó, ó lè yọ, kòkòrò sì lè gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí wọn ò bá ní i, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ bóyá ó lè fa oògùn yìí sínú ẹran tó yí orúnkún ká kó tó rán an. Ìyẹn á bá wọn wá nǹkan ṣe sí kòtò ẹ̀yìn yẹn.