Àwòkọ́ṣe kọ́, àfijọ ni

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká máa pe eku tí wọ́n fi ń wádìí àrùn ẹ̀dọ̀ ní "àwòkọ́ṣe àrùn", ìyẹn "disease model" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀. Àwòkọ́ṣe ni ẹni tá à ń wò tá a fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀. Ta ló fẹ́ wo eku tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọ́ṣe?

Oúnjẹ tàbí ọtí ni wọ́n fi ń sọ ẹ̀dọ̀ ẹranko di ohun tó jọ ti aláìsàn. Ó jọ ọ́ ni, kì í ṣe òun gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "àfijọ". Ẹ wo eku tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ tí kò ní methionine àti choline, èròjà aṣaralóore méjì: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rá á ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á wú, ṣùgbọ́n eku fúnra rẹ̀ á rù kan egungun. Èèyàn tí ọ̀rá wọ̀ lẹ́dọ̀ sì rèé, ó sábà máa ń sanra ni. Ẹ̀dọ̀ jọra, ara kò jọra. Bí a bá pè é ní "ẹ̀dà", ọ̀rọ̀ náà kò lè gba irú èyí mọ́ra.

"Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá" fún "fatty liver" ńkọ́? Létí mi, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ẹlẹ́ran ni. Bí mo bá ní kí alápatà gé ọlọ́ràá fún mi, ohun tó wù mí ni mo ń bèèrè. Àwọn Faransé tiẹ̀ ń tà á: wọ́n á máa ki àgbàdo bọ pẹ́pẹ́yẹ lọ́nà ọ̀fun títí ọ̀rá á fi kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, foie gras ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá náà lọ. "Ẹ̀dọ̀ sísanra" tún burú jù ú lọ, torí oríyìn ni "o mà sanra" lẹ́nu àwọn ìyá wa. "Àrùn ọ̀rá ẹ̀dọ̀" tó mi. Ní 2023, àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ yọ "fatty" kúrò nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, wọ́n ní ó ń tàbùkù aláìsàn; ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀rá náà ló ń jẹ́!

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń sọ ti ọtí tí wọ́n ń fún eku, ẹ má pè é ní "ọtí líle". Nínú ìlànà ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń lò fún eku, ọtí inú oúnjẹ olómi náà jẹ́ ìdá 5 nínú 100, bíà lásán nìyẹn. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó ń rọ èyí tó pọ̀ sí i lọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ló yẹ ní "àmupara". Oúnjẹ olómi tí àwọn olùwádìí Lieber àti DeCarli gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pò ó mọ́, torí eku kì í fẹ́ ọtí. Bí omi bá wà nítòsí, omi ló máa mu.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni orúkọ ẹnìkejì ọlọ́tí, ìyẹn eku tí wọn kì í fún ní ọtí, tí wọ́n fi ń wé èyí tó ń mu ún. Wọ́n á wo ìlà ara ìgò láàárọ̀, iye tí ọlọ́tí mu lánàá ni wọ́n á wọ̀n fún un lónìí, maltodextrin, èròjà tí wọ́n ń ṣe látara sítáàṣì, ló rọ́pò ọtí kí kálórì wọn lè dọ́gba. "Alábàáfiwé" gùn, kò sì sọ ti oúnjẹ. Mo ti ń lo "ajẹtẹ̀lé" fún un nínú ìwé tí mò ń túmọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tètè mú un wá kí n tó kọ ọ́ débi tí àtúnṣe á fi nira.