Ẹ gbà mí o: báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun ní Spéìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní Lọ́ńdọ̀nù kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Granada ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ibí sì ń da orí mi rú. Ní Ìlú Ọba, tó bá fi máa di aago méje alẹ́, a ti ń fọ abọ́. Níbí, aago méjì sí mẹ́ta ni tọ̀sán, talẹ́ di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá! Wọ́n ní ara ohun tó fà á ni pé wọ́n sún aago Spéìn síwájú ní 1940, wọn ò sì dá a padà. Ìyẹn ò kúkú yó ọmọ mi. Kí ni ẹ máa ń fún ọmọdé jẹ nírọ̀lẹ́?

Èyí tó rú mi lójú jù ni tapas. Mo ra bíà kan, wọ́n gbé oúnjẹ kékeré tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá. Ṣé mo lè ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àbí àfojúdi ni?

Ará ibi iṣẹ́ mi kan tún pè mí wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbọ́ pé tí wọ́n bá jẹun tán, ìjókòó sọ̀rọ̀ ló kù, sobremesa ni wọ́n ń pè é. Títí di ìgbà wo ni kí n jókòó? Kí ni kí n mú dání?

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.